Ológbò inú ṣọ́ọ̀bù ní Siporex: ọdẹ tí a kò sanwó fún, tí a tún ń fura sí

Ẹni tó bá sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ gbaka ní oríta Siporex, ní Yopougon, nílùú Abidjan, kò ní í tíì dúró dáadáa tí ariwo àwọn ọmọkọ̀ tó ń pe èrò yóò fi dí i létí, tí òórùn ẹja díndín yóò sì gba gbogbo imú rẹ̀. Kí ó tó wá ilé ẹni tó fẹ́ẹ́ kí lọ, kí ó bẹ̀rẹ̀ díẹ̀, kí ó wo abẹ́ tábìlì oní-garba tó sún mọ́ ọn jù lọ. Bí kò bá rí ológbò kan níbẹ̀ tó ká ìrù mọ́ ẹsẹ̀, tó ń fi ojú kan sùn, tó ń fi ìkejì ṣọ́ agbada ẹja, a jẹ́ pé ọjà ti tú lọ́jọ́ náà.

Garba yìí ni attiéké tí wọ́n ń fi ẹja tuna díndín jẹ, oúnjẹ tí mẹ̀kúnnù Abidjan kò lè fi ṣeré. Àwọn ará ìlú náà a máa sọ pé orúkọ Dicoh Garba, ẹni tó ṣe mínísítà ọ̀rọ̀ ẹran ọ̀sìn láyé ìjọba Houphouët-Boigny, ni wọ́n fi pe oúnjẹ náà. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, àwọn ológbò Yopougon ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ máa kí ẹbí mínísítà náà kú ọdún, nítorí orí ẹja àti egungun tó ń bọ́ sílẹ̀ láti orí tábìlì wọ̀nyẹn ni ọ̀pọ̀ nínú wọn fi dàgbà.

Siporex kì í ṣe orúkọ tí baba ńlá ẹnikẹ́ni sọ ilẹ̀ ibẹ̀. Orúkọ ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe búlọ́ọ̀kù fífúyẹ́ ni, tó di orúkọ oríta, tó di ti ọjà àti ibùdókọ̀, gẹ́gẹ́ bí ó ṣe jẹ́ pé ní Èkó, ẹni tó ní òun fẹ́ẹ́ bọ́ sílẹ̀ ní 7Up kì í sábà ra ọtí ẹlẹ́rìndòdò kankan. Yopougon ni èrò pọ̀ sí jù lọ nínú gbogbo ẹkùn Abidjan. Nígbà ìkànìyàn ọdún 2021, àwọn tó ń gbé ibẹ̀ lé ní mílíọ̀nù kan àbọ̀. Àwọn ọmọ Yorùbá tó wà nílùú Abidjan, àwọn ará Èjìgbò, Ìwó, Ògbómọ̀ṣọ́, Ìnísà àti àwọn ìlú tó yí wọn ká, ni àwọn onílẹ̀ ń pè ní Ànàgó. Òwò ló gbé púpọ̀ nínú wọn dé ibẹ̀, ibi tí òwò bá sì wà, eku kì í jìnnà síbẹ̀. Eku a máa bọ́ sínú àpò ìrẹsì, a máa ya páálí máàgí, bí kò bá rí oúnjẹ, a gé etí ìdì àǹkárá tí ìyá oníṣòwò fi owó àjọ ra. Ìdí nìyí tí ológbò fi di ara ẹrù ṣọ́ọ̀bù, yálà ní Siporex ni o, yálà ní Dùgbẹ̀ tàbí Ọjà-Ọba.

Àwọn àgbà wa ló sọ ọ́ pé bí ológìnní bá ti jáde nílé, ilé á di ilé èkúté. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n a ní láti mọ ibi tí òótọ́ náà dé. Ní ilé-iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń tún pàǹtírí ṣe ní New York, Michael Parsons àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ẹ̀rọ ayàwòrán ṣọ́ àwọn ológbò àti àwọn eku tó wà níbẹ̀ fún ọjọ́ 79, wọ́n sì gbé àbájáde rẹ̀ jáde lọ́dún 2018. Eku méjì péré ni àwọn ológbò náà pa ní gbogbo àkókò yẹn. Àwọn eku ńláńlá inú gọ́tà ni wọ́n. Ológbò kì í fẹ́ẹ́ fìjà pẹẹ́ta pẹ̀lú ohun tó lè já a jẹ. Ohun tí wọ́n rí ni pé bí ológbò bá wà nítòsí, àwọn eku ń sá pamọ́, wọn kì í jáde bí wọ́n ṣe fẹ́. Èkúté ilé kéékèèké, àwọn wọ̀nyẹn ni ológbò máa ń mú dáadáa.

Nítorí náà, oníṣòwò tó ní ológbò, tó wá ń ṣí àpò gàárì sílẹ̀ di àárọ̀, ara rẹ̀ ló ń tàn. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé ìròyìn yìí ní Ọ̀wọ̀ àti káàkiri Ìpínlẹ̀ Oǹdó kò nílò ẹni tí yóò sọ fún yín ohun tí ibà Lassa, tí wọ́n kọ́kọ́ dá mọ̀ lọ́dún 1969, ti ṣe láàárín yín. Ìtọ̀ àti ìgbẹ́ eku tó bá dà sórí oúnjẹ wà lára ọ̀nà tí àrùn náà ń gbà wọlé. Ìdérí tó le dáadáa ni alábòójútó àkọ́kọ́. Ológbò ni igbákejì rẹ̀.

Ohun tó ń pa ológbò ṣọ́ọ̀bù, tí ọ̀pọ̀ ń pè ní iṣẹ́ ayé, kò ju òògùn eku lọ. Ẹnìkan ra ológbò ní òwúrọ̀, ó tún ra òògùn eku ní ìrọ̀lẹ́ kí ọwọ́ lè tètè tẹ ohun tó ń wá. Eku jẹ májèlé, ó ń rìn gbàgẹ̀rẹ̀. Ológbò rí eku tí kò lè sá mọ́, ó gbé e mì. Bí ilẹ̀ bá mọ́, wọ́n á bá ológbò níbi tó na gbalaja sí, ìtọ́ á máa dà lẹ́nu rẹ̀, a ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wo aládùúgbò lójú. Ológbò àti òògùn eku kò gbọdọ̀ gbé ilé kan náà. Ota pia-pia tí wọ́n ń ta nínú ìgò kéékèèké nílé lọ́hùn-ún náà kò yàtọ̀, ó sì lè pa ọmọ tó ń rá kiri pẹ̀lú. Bí ó bá ti ṣẹlẹ̀, kí a má ṣe fi epo pupa yọ́ ọ lẹ́nu. Kí a gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko kíákíá, kí a sì mú páálí tàbí ìgò òògùn náà dání kí dókítà lè mọ irú májèlé tó jẹ́.

Àṣà kejì tó yẹ kí a bá ara wa sọ ni ti okùn àti ebi. Ẹ ó rí ológbò tí wọ́n so mọ́ ẹsẹ̀ tábìlì láti àárọ̀ di alẹ́, tí wọn kò fún ní nǹkan kan jẹ, nítorí wọ́n ní bí ó bá yó kò ní í mú eku mọ́. Irọ́ gbáà ni. Ọdẹ ṣíṣe wà nínú ẹ̀jẹ̀ ológbò, kò dúró de ebi. Èyí tó yó á máa dọdẹ, agbára á sì wà lára rẹ̀ láti fò. Èyí tí ebi ń pa ni yóò fi eku sílẹ̀ lọ jí ẹja aládùúgbò. Àwọn Mùsùlùmí tó pọ̀ láàárín àwọn Ànàgó Abidjan kò sì yẹ kó gbàgbé pé hadisi tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ wà nípa obìnrin tó ti ológbò mọ́lé, tí kò bọ́ ọ, tí kò sì jẹ́ kó jáde lọ wá oúnjẹ fúnra rẹ̀, tó sì tìtorí bẹ́ẹ̀ di èrò iná. Ṣọ́ọ̀bù tí a tì pa láti ìrọ̀lẹ́ Sátidé di àárọ̀ ọjọ́ Ajé, tí ológbò wà nínú rẹ̀ láìsí omi, kí ni a fẹ́ẹ́ pè é?

Kí ni kó wá jẹ? Ológbò kì í ṣe ajá. Ajá lè fi ẹ̀bà àti ìrẹsì ṣe é lọ fún ìgbà pípẹ́, ṣùgbọ́n ẹran àti ẹja ni Ọlọ́run dá ológbò mọ́. Èròjà kan wà nínú ẹran tí wọ́n ń pè ní taurine tí ara ológbò kò lè ṣe tó fún ara rẹ̀. Bí kò bá rí i jẹ fún ìgbà pípẹ́, ojú rẹ̀ lè fọ́, ọkàn rẹ̀ sì lè dáṣẹ́ sílẹ̀. Ẹja ṣawá tí a bọ̀ láìfi iyọ̀ àti ata sí, ẹ̀dọ̀ díẹ̀, ọkàn adìyẹ, ẹyin tó jinná: kò sí èyí tí a kò lè rí lọ́jà nínú wọn. Egungun tí a ti sè tàbí dín kò dára, ó máa ń ṣẹ́ sínú ọ̀nà ọ̀fun. Mílíìkì tí gbogbo ayé gbà pé oúnjẹ ológbò ni, inú ni ó ń ṣí fún ọ̀pọ̀ nínú wọn lẹ́yìn tí wọ́n bá ti já lẹ́nu ọmú. Omi tó mọ́ ló yẹ, kí a sì gbé e jìnnà díẹ̀ sí àwo oúnjẹ. Ọbẹ̀ àjẹkù tí àlùbọ́sà àti áyù pọ̀ nínú rẹ̀ ń ba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́.

Èyí tí mo fẹ́ kí ẹni tó ń fi ìkánjú kàwé dúró lé lórí ni ti òògùn. Parasítámọ́ọ̀lù tí a ń lò fún orí fífọ́, hóró kan péré tó láti pa ológbò. Ìfẹ́ ni àwọn ènìyàn fi ń fún un nígbà tí ara rẹ̀ bá gbóná, ìfẹ́ náà ni wọ́n sì fi ń sin ín. Bákan náà ni òògùn eégbọn tí wọ́n ṣe fún ajá. Púpọ̀ nínú wọn ní permethrin nínú, èyí tí ara ajá gbà, tí ti ológbò kò gbà rárá.

Ní ti ìwà rẹ̀, ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé aláìmoore ni ológbò, pé kò mọ ẹni tó ni ín. Àwọn tó jókòó tì í wò ó kò rí i bẹ́ẹ̀. Lọ́dún 2019, Atsuko Saito àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Japan fi hàn pé ológbò mọ orúkọ ara rẹ̀ yàtọ̀ sí ọ̀rọ̀ mìíràn tó bá a dọ́gba, kódà bí ó bá jẹ́ àlejò ló pè é. Pé kò wá kò túmọ̀ sí pé kò gbọ́. Lọ́dún 2020, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Sussex ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì rí i pé bí ènìyàn bá wo ológbò, tó wá rọra dijú díẹ̀díẹ̀, tó tún là á, ológbò náà a máa dijú padà, a sì máa fẹ́ẹ́ sún mọ́ ẹni náà ju ẹni tó ranjú mọ́ ọn lọ. Ìrànjú mọ́ni, ìjà ló jẹ́ lọ́dọ̀ wọn.

Ìrù ló ń sọ púpọ̀ nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Bí ó bá na ìrù sókè ṣánṣán nígbà tó ń bọ̀ wá bá yín, ìkíni ni. Bí ìrù bá ń lu ilẹ̀ pà, pà, ẹ fi í sílẹ̀, inú ń bí i. Kò dà bí ajá tó ń fi ìrù ṣe ìdùnnú. Bí etí bá sùn mọ́ orí, ọwọ́ yín kò gbọdọ̀ wà nítòsí. Bí ó bá dọ̀bálẹ̀ yí ikùn sókè, kì í ṣe pé ó ní kí ẹ fọwọ́ kàn án níkùn, ọkàn rẹ̀ ló balẹ̀. Kíkùn tó máa ń kùn hùn-ùn hùn-ùn sì lè jẹ́ ti ìgbádùn, ó sì lè jẹ́ ti ìrora. Ológbò tó fẹ́ẹ́ kú pàápàá a máa kùn bẹ́ẹ̀.

Ẹni tó fẹ́ kí ológbò rẹ̀ gbọ́ràn sí òun lẹ́nu, láti kékeré ni yóò ti bẹ̀rẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ kejì sí ìkeje tí wọ́n bí i ni ọkàn rẹ̀ ṣí sílẹ̀ jù lọ sí ènìyàn. Ọmọ ológbò tí ọwọ́ ènìyàn kàn jẹ́jẹ́ lójoojúmọ́ láàárín àkókò náà yóò jẹ́ ara ilé títí ayé rẹ̀. Èyí tí wọ́n mú nínú igbó lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, àfi sùúrù. Síbẹ̀, kí a má já a gbà lẹ́nu ọmú ìyá rẹ̀ kó tó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Ìgbẹ́ yíyà kò le láti kọ́ ọ, nítorí àbínibí rẹ̀ ni láti wú ilẹ̀ kó sì bò ó. Kí a da iyanrìn gbígbẹ sínú abọ́ ike, kí a gbé e sí kọ̀rọ̀ tó dákẹ́, kí a máa kó ìgbẹ́ rẹ̀ lójoojúmọ́. Bí abọ́ náà bá rùn, yóò wá ibòmíràn, ó sì lè jẹ́ orí ìdì aṣọ.

Pàṣán kò kọ́ ológbò ní nǹkan kan àyàfi láti máa sá fún ẹni tó mú un dání. Ẹran ẹja díẹ̀ lọ́wọ́ ló ń kọ́ ọ. Oníṣòwò tó fẹ́ kó máa wọlé nígbà tí wọ́n bá fẹ́ẹ́ tilẹ̀kùn, kí ó wá agolo kan, kí ó máa mì ín ní àsìkò kan náà lójoojúmọ́, kí ó sì fún un ní oúnjẹ bó bá ti dé. Láìpẹ́ rárá, agolo yẹn á máa fà á wá láti orí òrùlé ẹlòmíràn. Bí ó bá ń fi èékánná ya àga, kì í ṣe àrífín. Ó ń pọ́n ohun ìjà rẹ̀ ni. Kí a gbé igi tí a fi okùn wé kalẹ̀ fún un lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga náà.

Mo mọ̀ pé àwọn kan ti ń bi mí nínú ọkàn wọn pé, ọ̀rọ̀ àjẹ́ ńkọ́? Ní Yopougon, bí ó ṣe rí nílé, ọ̀pọ̀ ìdílé ló ń gbé inú ọgbà kan, tí ilẹ̀kùn dojú kọ ilẹ̀kùn. Ìyá àgbà kan tó bá ní ológbò dúdú nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, bí ọmọ aládùúgbò bá ṣàìsàn, ó di dandan kí ẹnìkan mẹ́nu ba ológbò náà. Ẹ jẹ́ kí a mú un lọ́kọ̀ọ̀kan. Ojú tó ń tàn lóru: awọ dídán kan ló wà lẹ́yìn ẹyinjú ológbò tó ń dá ìmọ́lẹ̀ padà, tó ń jẹ́ kó ríran níbi tí ìmọ́lẹ̀ kò tó. Ewúrẹ́ ní irú rẹ̀, màlúù ní in, kò sì sẹ́ni tó pe màlúù ní àjẹ́. Igbe bí ti ọmọ ọwọ́ tó ń dún lórí òrùlé ní òru: abo tí ara rẹ̀ ń wá akọ ló ń ké bẹ́ẹ̀, àwọn akọ sì ń jà lé e lórí. Ẹni tí igbe náà kò jẹ́ kó sùn ní ẹ̀tọ́ láti bínú, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyá àgbà ló yẹ kó bínú sí. Abu Huraira, ẹni tí hadisi tó gbà wá lọ́wọ́ Ànábì pọ̀ ju ti ẹnikẹ́ni lọ, orúkọ ìnagijẹ rẹ̀ yìí, baba ọmọ ológbò ló túmọ̀ sí. Àwọn onímọ̀ sì fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé omi tí ológbò mu kù kò di ẹ̀gbin, a lè fi ṣe àlùwàlá.

Igbe òru yẹn ní oògùn tí kì í ṣe ti babaláwo. Abo ológbò lè bẹ̀rẹ̀ sí í wá akọ láti nǹkan bí oṣù mẹ́rin tàbí márùn-ún, oyún rẹ̀ kì í ju nǹkan bí oṣù méjì lọ, ó sì lè bímọ lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta lọ́dún kan. Ẹ wá ṣírò rẹ̀. Àwọn ọmọ tí kò sí ẹni tó fẹ́ wọ̀nyí ni wọ́n ń dà sí etí gọ́tà, àwọn mìíràn nínú wọn sì ń bá ara wọn nínú ìkòkò, nítorí àwọn kan ń jẹ ológbò káàkiri ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Dókítà ẹranko lè tẹ akọ lọ́dàá, ó sì lè ṣiṣẹ́ abẹ fún abo, láàárín oṣù kẹrin sí ìkẹfà. Ìjà dín kù, igbe òru dín kù, ológbò náà kò sì fi iṣẹ́ ọdẹ rẹ̀ sílẹ̀.

Dìgbòlugi ni kò gba ẹ̀fẹ̀. Ajá ló ń kó o ran ènìyàn jù, ṣùgbọ́n ajá a máa kó o ran ológbò, ológbò náà sì lè kó o ran ọmọ inú ilé. Àjọ ìlera àgbáyé fojú bù ú pé àwọn tó ń bá a kú lọ́dọọdún káàkiri ayé tó 59,000, púpọ̀ nínú wọn ní Áfíríkà àti Éṣíà. Bí ológbò tó jẹ́ ọlọ́yàyà bá ṣàdédé di oníjà, tó ń sá fún ìmọ́lẹ̀, tí ohùn rẹ̀ yí padà, tí itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀, ẹ má fọwọ́ kàn án. Ẹni tó bá já jẹ tàbí tó ha lára, kí ó fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ọgbẹ́ náà fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí ó sì lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára lọ́jọ́ náà gan-an. Ata àti eérú kò wúlò níbẹ̀. Bí àmì àrùn náà bá ti hàn lára ènìyàn, kò sí ìwòsàn mọ́. Ní Abidjan, ilé-iṣẹ́ ìlera ìjọba tí wọ́n ń pè ní INHP, ní Treichville, ló ní ẹ̀ka tí wọ́n ti ń gba abẹ́rẹ́ náà. Ẹni tó bá sì gba ọ̀nà Dabou jáde ní Yopougon yóò kan Institut Pasteur ní Adiopodoumé, tó ń jẹ́ orúkọ Louis Pasteur, ẹni tó kọ́kọ́ fi abẹ́rẹ́ gba ènìyàn lọ́wọ́ dìgbòlugi lọ́dún 1885. Ní Nàìjíríà, ilé-ìwádìí ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Vom, ní Ìpínlẹ̀ Plateau, ń ṣe abẹ́rẹ́ dìgbòlugi ti ẹranko. Ológbò tó bá pé oṣù mẹ́ta ti tó gbà á.

Obìnrin tó lóyún kò ní láti lé ológbò jáde, bí àwọn kan ṣe ń wí. Kòkòrò kan tó ń jẹ́ Toxoplasma lè wà nínú ìgbẹ́ rẹ̀, tó lè ṣe ọlẹ̀ inú ní ibi, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ lo ọjọ́ kan ó kéré tán níta kó tó lè ranni. Kí ẹlòmíràn nínú ilé máa kó ìgbẹ́ náà lójoojúmọ́, kí aboyún má sì jẹ ẹran tí kò jinná.

Ó ku ọ̀rọ̀ kíkó kúrò. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024, nígbà tí àwọn aláṣẹ Abidjan fi katakata wó ilé ní Gesco, ní Yopougon kan náà, ọ̀pọ̀ ìdílé ló kó ẹrù lójijì. Ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, ta ló rántí ológbò? Ilẹ̀ ni ológbò sábà ń mọ̀ kó tó mọ ènìyàn. Bí a bá gbé e lọ sí àdúgbò mìíràn tí a sì tú u sílẹ̀ lọ́jọ́ kejì, yóò máa wá ọ̀nà padà sí ilé tí kò sí mọ́, ọkọ̀ á sì pa á lójú ọ̀nà. Kí a tì í mọ́ yàrá kan nílé tuntun fún ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta, kí aṣọ àtijọ́ tó ń sùn lé wà níbẹ̀, kí oúnjẹ àti iyanrìn rẹ̀ wà níbẹ̀, kí a tó ṣílẹ̀kùn fún un. Ẹni tó sì fẹ́ẹ́ gbé e wálé sí Èjìgbò nínú bọ́ọ̀sì, tí yóò la Ghana, Togo àti Benin kọjá, kí ó gba ìwé abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ lọ́wọ́ dókítà ṣáájú ọjọ́ ìrìnàjò, kí ó fi agbọ̀n tó ní ìdérí àti ihò atẹ́gùn gbé e, kí ó má fún un lóúnjẹ ní wákàtí mẹ́rin kí ọkọ̀ tó gbéra, kí ó sì máa fún un lómi ní gbogbo ẹnubodè, nígbà tí ilẹ̀kùn ọkọ̀ bá ṣì wà ní títì.